Rachel àti Ìbúra ní Kóòtù Odògbolù

Gbogbo ẹni tó mọ Rachel ní Ijagun mọ̀ pé kì í búra. Bí oníṣòwò bá ní, "Tíṣà, mo fi Ọlọ́run búra, iye tí mo rà á nìyẹn," á bi í pé, "Tí o kò bá búra, ṣé irọ́ ni ò bá pa ni?" Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ kò tíì fi kíláàsì Bíbélì ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀, Mátíù orí karùn-ún sì ni ààyò rẹ̀ níbẹ̀: "Ẹ má ṣe búra rárá."

Ìdí nìyẹn tí ọkàn Albert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi balẹ̀. Albert ti gbé katakátá wọ ilẹ̀ bàbá wọn ní Ayépé, ó hú àwọn pèrègún tó jẹ́ ààlà wọn pẹ̀lú ìdílé Gbàdàmọ́sí, ó sì ní kànga tó wà lódìkejì ti di tàwọn. Gbàdàmọ́sí pè é lẹ́jọ́ sí kóòtù ìbílẹ̀ ní Odògbolù. Àwọn tó gbin pèrègún náà ti kú tán. Rachel nìkan ló kù, òun tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, tó ń gbé igi pèrègún lé àwọn bàbá méjèèjì lọ́wọ́. Òun ni Gbàdàmọ́sí fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀gbẹ́ kànga yìí gan-an ni Albert ti fún Rachel ní ìpín tirẹ̀. Ó ti to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, kí ó lè kọ́lé, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ilé àyágbé.

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, Albert wá bá a.

"Rachel, wọ́n á ní kí o búra. Ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọ mi pé Jésù ní ká má búra. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí o sì padà jókòó."

"Bọ̀dá mi, ẹ ti di ọmọ kíláàsì mi nìyẹn?"

"Bí ẹ̀kọ́ bá dáa, àgbà náà á kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Rachel ṣí Mátíù, ó kà á kọjá orí karùn-ún, ó kà á dé orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Níbẹ̀, Jésù dákẹ́ níwájú olórí àlùfáà, títí ọkùnrin náà fi sọ pé òun fi Ọlọ́run alààyè bẹ̀ ẹ́ kó sọ òtítọ́. Jésù sì fèsì; kò búra, kò sì panu mọ́. Rachel dìde lórí àga, ó ń rìn káàkiri yàrá. Kò tíì fi orí méjèèjì wé ara wọn rí.

Lọ́jọ́ kejì, kóòtù kún débi pé àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Akọ̀wé gbé Bíbélì lé Rachel lọ́wọ́. Ó rọra gbé e padà sórí tábìlì.

"Ẹ forí jì mí, n kì í búra."

Ariwo ta. Albert fẹ̀yìn ti àga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ràmọ́tà, àbúrò Gbàdàmọ́sí, ní, "Ẹ ò rí i? Bíbélì ló fẹ́ fi bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣìírí."

Alága kóòtù ní kí wọ́n dákẹ́. "Màmá, ṣé ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Màá sọ̀rọ̀, sà. Ìbúra ni n kò ní ṣe. Àwọn tí Jésù ń bá wí ń fi ọ̀run búra, wọ́n ń fi ayé búra, kí irọ́ wọn lè dùn ún gbọ́. Ó ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní ká mọ òtítọ́ ká wá panu mọ́."

Alága ní òfin gbà á láàyè kó ṣèlérí òtítọ́ láìbúra, ṣùgbọ́n bó bá purọ́, ìyà kan náà ni.

"Mo gbà, sà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Albert.

"Apá tiwa ni pèrègún wà, kànga wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Gbàdàmọ́sí ló ni kànga. Wọ́n kàn ń jẹ́ ká pọnmi níbẹ̀ ni."

Alága bi í pé, "Ta ló ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ kànga?"

"Èmi ni, sà."

Albert fò dìde. "Rachel, ilé ara rẹ lo ń wó yẹn o."

"Mi ò tíì kọ́ ọ, bọ̀dá mi."

Gbàdàmọ́sí ló jàre. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ náà parí, Rachel háyà típà láti kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ràmọ́tà so gèlè mọ́dìí, ó ń bá wọn kó o, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Tíṣà yìí, ẹnu rẹ̀ ju ìbúra lọ." Awakọ̀ béèrè ibi tí ó máa já a sí.

"Iwájú ilé bọ̀dá mi. Ilẹ̀ bàbá wa ni ibẹ̀ yẹn, kò sí àríyànjiyàn."

Wọ́n ti ń já búlọ́ọ̀kù nígbà tí Albert ṣí fèrèsé. Ó wò wọ́n pẹ́. Kò kí àbúrò rẹ̀.

"Awakọ̀," ó ní, "má tò ó sójú àgbàrá. Sún un súnmọ́ ògiri."