Ọmọ Tí Ìyá Àgbà Wẹ̀ Kẹ́yìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Muṣin, Ìyá Àgbà nìkan ló ń wẹ ọmọ tuntun. Àwọn ló bí bàbá mi. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bá ọkọ wọn wá sí Èkó láti wá ta aṣọ. Ọkọ kú, wọn ò padà sílé. Wọ́n ń gbé ẹrù aṣọ kiri títí àwọn ọmọ fi kàwé, títí ọmọ ọmọ fi kún ilé. Gbogbo wa pátá, orí ẹsẹ̀ wọn la ti kọ́kọ́ mọ omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí. Lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ká ìró dé itan, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọn kì í fi ọwọ́ tọ́ omi wò, ìgúnpá ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó ti ń dáná láti kékeré kò mọ ohun tó gbóná mọ́. Ó di kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú; ọmọ á ké, àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fa apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀, wọ́n á fi òrí pa á lára, wọ́n á wá jù ú sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á láyé. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ìyá, ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Wọ́n á dáhùn pé, "Omi ò ní gbẹ lọ́wọ́ wa o!"

Ìgbà tí èmi náà fi máa bímọ, ogbó ti dé. Ojú wọn ti ṣú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá ń mu tíì, ìdajì á dà sáyà. Mo gbé ọmọ dé láti ọsibítù, mo rí i pé àpótí ti wà lẹ́yìnkùlé, Ìyá Àgbà sì ti ká ìró. Màmá mi fà mí sẹ́yìn.

"Má gbé e fún wọn o. Ọmọ tí ọṣẹ bá wà lára rẹ̀, ẹja ni. Bó bá yọ̀ bọ́ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà ti gbọ́. Ojú ló ṣú, etí ò di.

"Ìyàwó, ta ló wẹ ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ríran nígbà yẹn."

"Ṣé ojú la fi ń wẹ ọmọ ni?"

Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀, omi ń tutù, wọ́n sì ń fi ọwọ́ nu itan wọn ṣáá, bí ẹni tí wọ́n gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Àkọ́bí mi ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá gbé ọmọ yìí kọjá níwájú wọn, mo ti sọ fún wọn pé ayé wọn ti parí nìyẹn. Mo bu omi gbígbóná kún èyí tó ń tutù, mo kúnlẹ̀, mo gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sì tẹ́ ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ti ìgúnpá bọ omi. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì: orí, abẹ́ ọrùn, kọ̀rọ̀ etí. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n, ọmọ sì sùn lọ nínú gbígbọ̀n náà.

Ó wá kan jíjù sókè. Wọ́n gbé e dé àyà, wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án sí màmá mi.

"Gbà á, ìyàwó. Ìwọ ni kó o jù ú. Mo mọ ibi tí agbára mi mọ."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni màmá mi ti gbà á. Omijé ti bọ́ lójú wọn kí wọ́n tó jù ú rárá.

Ọmọ yẹn ni Ìyá Àgbà wẹ̀ kẹ́yìn. Kò tíì máa rìn nígbà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀, tí a gbé wọn padà sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ayé ti yí. Inú báàfù oníke ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbé ọmọ sí báyìí, wọ́n á bu omi lé e, ó parí. Nọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní ká má ju ọmọ sókè mọ́, bóyá òótọ́ ló sọ. Èmi náà ò ju ọmọ mi kejì yìí. Àmọ́ láràárọ̀, kí n tó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ìgúnpá ni mo ń tì bọ omi. Bí ará ilé bá sì kọjá, tó ní, "Ìyá ọmọ, kú ọwọ́ lómi o," èsì Ìyá Àgbà ló ń jáde lẹ́nu mi.