Ìdáríjì Tí Fúnmilọ́lá Kọ

Ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́ pé òpùrọ́ ni Fúnmilọ́lá. Ilé èmi pẹ̀lú tiwọn ló fara kanra ní Òsì-Èkìtì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣojú mi.

Akínkúnmi ọkọ rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, bí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wọṣẹ́ ṣójà, ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Ọmọ já ara rẹ̀ gbà. Ó ní, "Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Mi ò ní fi uṣẹ́ oko darúgbó." Ó lọ láìgba àdúrà lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Borno, níbi tí fóònù kì í ti í wọlé. Lẹ́tà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ síra wọn, ṣójà tó bá gba páàsì wálé ló ń bá wọn mú un. Fúnmilọ́lá a ròyìn iṣu, a ròyìn ilé, a wá fi kún un pé, "Màmá ń kí ọ." Màmá ò kí ẹnikẹ́ni o. Kì í tilẹ̀ dárúkọ ọmọ náà.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Màmá. Bàbá Mákindé, àbúrò rẹ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sí Akínkúnmi. "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ogun. Ẹ jẹ́ kó dé ulé ná." Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, gbogbo wa sì gbà.

Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ni Akínkúnmi kọ ọ́ sí. Ó ní wọ́n pa ọ̀rẹ́ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun ò sì rí oorun sùn mọ́. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ti dárí jì mí, ó tó."

Fúnmilọ́lá gbé e wá bá mi tẹkúntẹkún. Èmi ni mo ní kó dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ pé, "Màmá ní àwọn ti dárí jì ọ́ tọkàntọkàn." Èsì tí Akínkúnmi kọ padà dùn ún kà. Ó ní òun ti ń sùn.

Ó gba páàsì wálé lóṣù kẹwàá, ó ra súwẹ́tà fún Màmá. Bàbá Mákindé mú un jókòó, ó sọ ọ́ fún un. Kò sunkún. Ó béèrè oṣù tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní oṣù kejì. Ó yọ lẹ́tà kan nínú àpò àyà rẹ̀, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀: oṣù karùn-ún ni. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Fúnmilọ́lá, ta wá ló dárí jì mí?"

Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni páàsì rẹ̀, ọjọ́ kẹta ló padà. Lẹ́tà mẹ́fà ni Fúnmilọ́lá ti fi ránṣẹ́ látìgbà náà. Gbogbo rẹ̀ ni ṣójà tó mú un lọ ń mú padà wá láìtú. Akínkúnmi ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́.