Pánẹ́ẹ̀lì Ni Mo Wí, Páànù Ni Mọgàjí Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn bí mo ṣe wá iná lọ tí mo sì ru òrùlé bọ̀.

Ìyàwó mi ń ta ẹja dídì níwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, jẹnẹrétọ̀ a sì máa mu epo bíi pé òun ló ni èrè ọjà. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìṣírò, mo fi owó epo wé owó sólà. Sólà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní a ó rà á.

Ó wá ku ohun kan. Ilé ẹbí là ń gbé. Ta ló tó gun òrùlé ilé ẹbí láìsọ fún Mọgàjí, olórí ẹbí wa?

Mo lọ bá bàbá. Mo húkọ́, mo ní mo fẹ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé. Mo fi gírámà díẹ̀ lé e, kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò lọ yunifásítì lásán. Omijé lé róró sí bàbá lójú. Wọ́n bi mí bóyá yóò kárí ilé. Mo ní tó bá yá, gbogbo wa la ó jọ máa gbádùn rẹ̀. Wọ́n ní ṣé yóò pẹ́? Mo ní yóò pẹ́ gan-an, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Kí lẹ̀ bá rò tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Èmi rò pé àgbà tó lajú ni bàbá!

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Òjé àti Yemẹtu. Àǹtí Sífáwù, àbúrò Mọgàjí, pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé páànù tó ń jẹ́ Sólà yìí dára ju lọ́ńgísípáànù lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣebí ẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú oníṣẹ́ sólà wá kó wá wo òrùlé. Gbogbo ẹbí ni mo bá lágbàlá. Aáfà wà níbẹ̀, mọ́sà sàráà wà níbẹ̀. Aáfà ń ṣàdúà fún ọmọ rere tó fẹ́ bá ẹbí pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà láti ayé àwọn baba wa.

Páànù! Ara mi tutù ju ẹja inú fírísà lọ.

Kí n tó lanu, oníṣẹ́ sólà ti gun òkè. Páànù já lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ sínú yàrá Àǹtí Sífáwù, ó ń rọ̀ dirodiro lókè ibùsùn. Àǹtí kí ẹsẹ̀ náà kú iṣẹ́.

Oníṣẹ́ náà pè mí látòkè: "Ẹ̀gbọ́n, òrùlé yìí ò lè gbé pánẹ́ẹ̀lì o. Ẹ kọ́kọ́ ra páànù."

Mọgàjí yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó mú wá gan-an ló sọ ọ́."

Ìyàwó mi sọ sí mi létí pé tí mo bá tako àdúà tí gbogbo ilé ti ṣe àmín sí, kí n yáa wá ilé mìíràn fún òun àti fírísà. Mo ra páànù.

Òrùlé tuntun ń dán yanranyanran, ẹni tó dúró ní Mápó ń rí i. Nígbà tí mo tún tu owó jọ, mo padà sọ́dọ̀ Mọgàjí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pe pánẹ́ẹ̀lì ní dígí tó ń fi oòrùn ṣe iná. Bàbá gbọ́ ọ yékéyéké.

"Dígí dúdú? Lórí páànù tuntun? Kí làwọn ará Mápó yóò wá máa rí?"

Wọ́n fún mi láyè mìíràn: ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí oòrùn kì í dé.

Ìyàwó mi ti wá ń yan ẹja rẹ̀ báyìí. Ọjà sì ń tà. Aṣọ ló ń kó sínú fírísà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín bóyá sólà tó owó rẹ̀, ó tó o, ó tó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣírò oòrùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni òrùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé e sílé ńkọ́? Kí lẹ sọ fáwọn àgbà ilé yín, kí ni wọ́n sì gbọ́?