Omi Tí Mo Dà Lé Kọ́sítíìkì

Èmi ni mo da omi náà, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó dà á.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ìrókò. Màámi ni mo ń pè wọ́n. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á kó eérú èèpo kòkó sínú ajere, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi tó bá kán jáde nísàlẹ̀, tó ń ta ahọ́n, ni wọ́n á fi se àdí títí á fi di ọṣẹ. Láti kékeré, iṣẹ́ tèmi ni kí n da omi lé eérú.

Nígbà tí òjò ba eérú wa jẹ́, Màámi rán mi lọ ra kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dípò eérú, ní Ṣáṣá. Ọkùnrin tó tà á fún mi sọ pé inú omi ni wọ́n ń dà á sí, díẹ̀díẹ̀, pé n kò gbọ́dọ̀ da omi lé e lórí láéláé. Mo ní mo ti gbọ́. Ó wò mí. "Etí ló gbọ́ ni, àbí ọwọ́ náà ti gbọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo gun ọ̀kadà.

Ọwọ́ kò gbọ́. Mo délé, mo da kọ́sítíìkì sínú bàsíà oníke, mo gbé omi, mo dà á lé e bí mo ṣe ń dà á lé eérú. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó hó. Èéfín tó ń ta imú sọ, bàsíà rọ̀. Màámi, tí wọ́n mú orógùn dání, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ó ta sí wọn lójú.

Wọn kò pariwo. "Ojú mi," ni wọ́n ń wí. "Ojú mi, ọmọ mi." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ìyá kan ládùúgbò sáré gbé ọsàn wẹ́wẹ́ dé, wọ́n ní kí n fún un sí ojú náà, pé ohun kíkan ló ń pa agbára eérú. Mo rántí pé tíṣà wa sọ irú rẹ̀ kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo ti la ọsàn náà kí Màámi tó yí ojú kúrò, wọ́n ní: "Omi. Omi nìkan." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí wọn lójú, àyà mi ń já pé èyí náà á tún hó.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tún fi omi fọ̀ ọ́ pẹ́. Mo sọ ti ọsàn. Wọ́n mi orí. "Lóòótọ́ ni ọsàn àti kọ́sítíìkì ń pa agbára ara wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń jà, ooru ni wọ́n ń tú jáde. Ṣé inú ojú ló yẹ kí wọ́n ti jà?" Wọ́n di ojú náà, wọ́n ní ká máa retí. Nígbà tó yá, wọ́n tú u. Ojú náà ríran, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo inú kùrukùru ọyẹ́ ni.

Ìjọ aláṣọ funfun ni Màámi ń lọ. Wọ́n ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé àwọn ló jẹ̀bi, pé àwọn kò gbàdúrà sí omi ọjọ́ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi ni mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ, èmi ni mo ń bu omi tí wọ́n fi ń ṣínu fún wọn. Gbólóhùn kan ni mo jẹ wọ́n: pé ọkùnrin tó ta kọ́sítíìkì ti kọ́ mi bí n ó ṣe dà á, mo sì dà á bó ṣe wù mí. N kò tíì san án.