Mọ́mì Ló Ń Dá Orin Nílé Wa

Bí wọ́n bá ní kí n wá jẹ́rìí pé Ọlọ́run kì í dójú tini, n kò ní í wá ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Inú pálọ̀ wa ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí Dádì mi rí gbà ní Festac nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láàárọ̀ kùtù, níbi àdúrà ìdílé.

Àdúrà yìí ní ètò tó le ju ti ọ́fíìsì lọ. Dádì á ka Bíbélì, Mọ́mì á dárin, èmi ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí á wá gbàdúrà. Ẹnì kan kì í bọ́ sí ipò ẹnì kejì. Dádì kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárin, torí bó bá dá a, àwọn ajá àdúgbò ni yóò gbè é. Mọ́mì ló ni ohùn nínú wa. Bó bá dárin nísàlẹ̀, àwọn tó ń gbé òkè wa á máa gbè é látorí bẹ́ẹ̀dì.

Àfi bí sítúróòkì ṣe kọlu Mọ́mì lọ́jọ́ kan. Ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó dúró ní Apple Junction kó ra búrẹ́dì, ló bá ṣubú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan rọ, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Dókítà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ká kọ́ bí a ó ṣe máa fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ohun tó lọ yẹn má padà mọ́. Mo sunkún láti ọsibítù dé Mile 2. Dádì kò sunkún ní tirẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a gbé Mọ́mì délé, a jókòó fún àdúrà. Dádì ka Bíbélì tán, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ó kàn ẹ́.” Mọ́mì la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. A dúró. Nígbà tó ṣe, Dádì ní kí n gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo àárọ̀, títí òjò ọdún náà fi rọ̀ tó sì dá. Omi á máa bọ́ lójú Mọ́mì, èmi á sì máa bínú sí Dádì. Wọn kò bí sùúrù mọ́ mi.

Àǹtí kan tí òun àti Mọ́mì jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa láti Satellite Town, ó sùn tì wá. Nígbà tó rí bí gbogbo wa ṣe dákẹ́ láàárọ̀, ó ṣàánú wa, ó fẹ́ dárin. Dádì nawọ́ sókè.

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìyàwó mi ló ni ipò yẹn. Líìfù ló wà. Wọn kì í gba ẹlòmíì sípò ẹni tó wà ní líìfù.”

Mo tẹ̀ lé Dádì wọ kíṣìnnì. “Dádì, ẹ̀ ń fìyà jẹ Mọ́mì o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ṣebí dókítà ti sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Nígbà tá à ń wá ọmọ ká tó bí ẹ, dókítà sọ tiẹ̀ nígbà yẹn náà. Àwọn ẹbí mi ti wá ìyàwó míì dè mí. Ọlọ́run tó dá wa lóhùn ò tíì rìtáyà. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.”

Akólòlò ṣì ní ohùn, Mọ́mì kò ní. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dádì ka Bíbélì tán, ó pa á dé, kò sì wo Mọ́mì. Èmi ló wò. Ó ní, “Gbàdúrà.”

Gbogbo bí mo ṣe ń bá a jà yẹn, n kò mọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni mo fara tì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé bàbá mi ti darúgbó. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo di ojú.

Gbì! Mọ́mì ti fi ọwọ́ tó dára gbá apá àga. Ó tún un gbá. Ó ń wo Dádì bí ẹni tó ká a mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ló bá la ẹnu, orin sì jáde. Ohùn náà há, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orin ọpẹ́ náà pé pérépéré. Ẹni tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun ló kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dádì ń gbè é, ó ń sunkún, ó ń ṣi ohùn, a kò sì bìkítà. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa ọpọlọ ti ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀nà tí orin ń gbà nínú orí yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ Ẹni tó la ọ̀nà méjèèjì.

Orin parí, ó wá kàn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí wá ló jókòó níwájú mi yìí. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Àmín.”

Mọ́mì yíjú sí mi. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń wá nǹkan kan. A dúró dè é.

“Ìyẹn... nìkan?”

Mo tún ojú dì, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti orí.