Ìwúre Tó Gba Inú Dífídì Kọjá

Òórùn gàárì tí wọ́n ń yan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń da fídíò kọ sínú díìsì ní Osi ti gba gbogbo inú ilé lọ́jọ́ tí ìyá kan láti Obbo-Ilé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó fi gèlè wé ẹ̀rọ dífídì rẹ̀, tó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tiwọn wá, torí fídíò tó ń lọ geere lórí kọ̀ǹpútà lè délé kó kọ̀ jálẹ̀. Aránṣọ kì í rán aṣọ láìwọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣègbéyàwó lókè òkun, tó fi fídíò ránṣẹ́ nínú fíláàṣì. Ẹsẹ̀ ò gbé bàbá rẹ̀ mọ́, kò lè lọ. Nínú fídíò náà, ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ó ní, "Bàbá mi, ẹ wúre fún mi." Bàbá sì fẹ́ wúre náà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, níṣojú ẹbí, lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí fídíò bá kọ̀, a jẹ́ pé ọmọ ti wọlé ọkọ láìgba ìwúre bàbá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an.

Mo sọ fídíò di irú èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń kà, mo dín fífẹ̀ àwòrán kù, mo kọ ọ́ sínú díìsì. Ẹ̀rọ gbà á, àmọ́ nígbà tó kan ibi tí ìyàwó ti ń jó wọlé, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ohun tí mo ń rọ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún arúgbó ẹ̀rọ. Mo tún dín in kù. Àwòrán ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró mọ́. Inú mi ti ń dùn kí ìyá tó mi orí.

"Ọmọ mi, ìyàwó yìí yára dìde jù. Àdúrà bàbá rẹ̀ kì í tètè tán."

Mo ní kí wọ́n fi rìmóòtù dá a dúró. Ó ní bí wọ́n bá ti dá a dúró pẹ́, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ń bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo mú kí àwòrán ọmọ náà dúró pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣe é ní àṣejù, torí mo mọ àwọn bàbá wa: kí wọ́n tó kan àdúrà, wọ́n á ti ki ìran méjì.

Wọ́n pè mí wá sílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá ki ọmọ rẹ̀, ó sì wúre. Nígbà tó parí, ó ní, "Dìde, ọmọ mi." Ọmọ ò dìde. Àṣejù mi ni; mo sáré mú rìmóòtù.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Tèmi ló ń retí."

Òun náà dìde, ó na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó gbàdúrà ìyá fún ọmọ. Kò pẹ́ tí a ṣàmín ni ìyàwó dìde, tó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀rẹ́ mi, tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, màá ní mò ń da fídíò kọ. Mi ò wí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mú ọmọ tó wà lókè òkun kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀ ní Obbo-Ilé, wọ́n sì wúre fún un títí ó fi tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì ń fi í yangàn.