Irinṣẹ́ Tí Agbẹ̀bí Yàn

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ àwọn sípíríǹgì fáàfù ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù, irinṣẹ́ ńlá kan tó ń dán wọ ọkọ rẹ̀ lójú.

"Bàbá wa, ẹ gbé e sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. " Àfi ká tú orí ẹ́ńjìnnì kí ìyẹn tó wúlò. Kékeré yìí á tẹ sípíríǹgì níbi tó wà."

"Ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n?"

"Ọwọ́ tó gbẹ̀bí ìbejì nínú òkùnkùn?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Nílé, ó ki okùn gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé kó lè gbé fáàfù ró lábẹ́, kó má baà já sínú ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ sípíríǹgì, ó ń fi tuntun rọ́pò wọn. Nígbà tí mọ́tò jí, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ tòun ti gírísì lọ́wọ́.

"Aṣọ mi o!" ni ọkọ pariwo, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀.